Àpò Kòkó Inú Yàrá

Nọ́ọ̀sì kan ní Àpòmù ti kìlọ̀ fún Ọmọ́yẹlé pé eruku kòkó tó bu ló ń gbé ikọ́ fée rẹ̀ dìde, kó sá fún un, kí fèrèsé rẹ̀ sì máa wà ní ṣíṣí.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí kòkó di wúrà ní Ìkirè, ta ni yóò gbé e síta fún olè? Yàrá tí Ọmọ́yẹlé ń sùn ni ọkọ rẹ̀ to àpò kòkó sí, ó kan àjà.

Ọyẹ́ mú, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ìyá ọkọ rẹ̀ sáré wọlé.

“Òtútù ni, ìyàwó mi,” ni wọ́n wí. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n fi àkísà dí gbogbo ihò.

Ọmọ́yẹlé kò rí èémí fọhùn. Ó nawọ́ sí fèrèsé.

Ìyá gba ọwọ́ náà mú, wọ́n sì rọra gbé orí rẹ̀ lé àpò kòkó, níbi tó ti móoru jù.