Àtàǹpàkò Bàbá Mi Lójú Fàdákà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi aṣọ nu owó fàdákà àtijọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá bá wa ká díye lé e, ta ló rán yín níṣẹ́? Owó tí ẹnikẹ́ni ò nù rí, béèyàn bá ń dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná, ìmọ́lẹ̀ á máa sáré yí po lójú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti nù lè dán ju dígí lọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dúró gbagidi síbì kan ni. Wọ́n á bà á jẹ́ tán, wọ́n á tún máa yangàn.

Bàbá mi ló kọ́ èmi ọmọbìnrin rẹ̀ níṣẹ́ yìí. Ó ní etí owó là ń dì mú, a kì í fọwọ́ kan ojú rẹ̀ láéláé, torí òógùn ọwọ́ a máa jẹ fàdákà.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Mo mọ̀, mi ò sọ. Bí wọ́n bá gba àga ìdí iná yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù tó máa jí sí?

Télọ̀ obìnrin kan wá gbé owó fàdákà ìyá rẹ̀ dé. Ó ní lórí iye tó tó, tẹnu Bàbá nìkan lòun máa gbà. Bàbá dà á sọ́tùn-ún, ó dà á sósì. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ló bá fi àtàǹpàkò ra ojú owó náà.



"Ó ń yí," ni Bàbá wí. "Ẹnikẹ́ni ò nù ún rí."

Mo gbà á wò. Ìmọ́lẹ̀ dúró pa, ìlà aṣọ sì kún ojú rẹ̀. Ká ní mo dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n télọ̀ yìí máa gbé ọ̀rọ̀ Bàbá kiri, ẹlòmíì á sì wò ó.

"Bàbá, ẹ má bínú. Wọ́n ti nù ún."

"Èmi ni, mà," ni télọ̀ wí. "Láàárọ̀ yìí ni. Mi ò fẹ́ gbé ìdọ̀tí síwájú àgbà."

Bàbá ò wò ó, èmi ló kọjú sí. "Mo fọwọ́ kan ojú ẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé mi ò ríran mọ́?"

"Ó ti pẹ́, sà. Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni."

"O wá jẹ́ kí n máa purọ́ fáwọn èèyàn."

Bàbá dìde lórí àga ìdí iná, ó ní kí n jókòó. Mo ní rárá. Ó tún un sọ, kò pariwo. Mo jókòó, mo ń sunkún, bàbá tó bí mi sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ télọ̀.