Bọ́ọ̀lù Tí Fọládé Kò Fẹ́ Jù

Láti ọjọ́ tí Mùbárákù ti gba ipò mọ́ Oyèlẹ́yẹ lọ́wọ́ ni Fọládé ti mú un lọ́tàá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ ń gbá ní yunifásítì kan ní Ìwó, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù. Fọládé ló ń jù ú. Iṣẹ́ ti Mùbárákù ni kó sá gba etí pápá lọ, kó hán an lókè kí alátakò tó dé ibẹ̀. Oyèlẹ́yẹ, àbúrò Fọládé, ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀lù márùn-ún, mẹ́ta ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Kóòṣì Ọlánípẹ̀kun rí bí Mùbárákù, ọmọ Alùfáà Mùrí, ṣe ń sáré bí ìgalà tí ajá ń lé, ó ní kí Oyèlẹ́yẹ lọ jókòó.

Ní ọdún àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù tí Fọládé jù sí i kò ju mẹ́fà lọ. Mùbárákù á sáré, á nawọ́, èrò á máa pariwo pé kò sí alátakò kankan nítòsí rẹ̀, Fọládé á sì jù ú sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Tó bá bi í, èsì kan náà ni: "Mi ò rí ẹ."

Ọdún kejì ló wá rí i. Wọ́n ń bá ẹgbẹ́ kan láti Ìbàdàn gbá a. Fọládé di bọ́ọ̀lù mú títí alátakò méjì fi sún mọ́ Mùbárákù, kó tó wá jù ú sókè fíofío. Mùbárákù mọ̀ pé ìkà ni, àmọ́ ara rẹ̀ ti fò kí ọkàn rẹ̀ tó kọ̀. Ó hán an. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀, àwọn méjèèjì ti kọlù ú lọ́tùn-ún lósì. Egungun èjìká rẹ̀ dún kau. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, ó rí Fọládé tó ń mu omi inú ọ̀rá, tí kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ló lò lọ́dọ̀ bàbá tó ń to egungun ní Kuta. Ìyá rẹ̀, Hàbíbátù, ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ pa, ó gun ọ̀kadà lọ sí pápá.

"Ìwọ ni Fọládé?"

Fọládé dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Dìde! Ẹni tó fẹ́ pa mí lọ́mọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún mi. Kí ló ṣe ẹ́?"

"Eré ni, mà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó dun òun, kó lọ jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ilé kéwú."

Hàbíbátù wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ó dáa. Ọmọ mi ń padà bọ̀."

Alùfáà Mùrí kò gbà. "Ènìyàn kì í bá ẹni tó ń wá ikú rẹ̀ jẹun nínú àwo kan."

"Bàbá, ẹ má bínú. Tí mo bá fi sílẹ̀, òun ló borí."

Ní ọdún tó kẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan láti òkè òkun, níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù náà ṣe iṣẹ́ jẹ, rán ọkùnrin kan wá wò wọ́n. Wọ́n fẹ́ pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí méjì kí wọ́n bára wọn gbá a. Mùbárákù tètè lọ bá Kóòṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fi mí sọ́dọ̀ Fọládé."

"Abdulhafeez ló ń jù fún apá kejì. Ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára o."

"Ó sàn ju ọwọ́ ìkà lọ, sà."

Lóòótọ́, bọ́ọ̀lù Abdulhafeez ń wọ́lẹ̀, ó ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mùbárákù fi orúnkún gbálẹ̀ hán an, ó fi ọwọ́ kan hán an, títí ó fi pé mẹ́sàn-án. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ó bẹ Kóòṣì kó jẹ́ kí òun ṣọ́ Oyèlẹ́yẹ, ẹni tí Fọládé ń jù bọ́ọ̀lù sí ní apá tiwọn. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń wo ojú Fọládé. Ó mọ ibi tí ojú náà ń lọ kí ọwọ́ tó tẹ̀lé e. Ó bẹ́ síwájú Oyèlẹ́yẹ, ó já bọ́ọ̀lù náà gbà lófuurufú, ó sì gbé e sá dé òpin pápá, níbi tí wọ́n ti ń jẹ góòlù. Fọládé lé e, kò bá a. Ó bọ́ akoto tó dé sórí, ó là á mọ́lẹ̀.

Orúkọ kan ṣoṣo ni àlejò náà mú lọ.

Nígbà tí ìrìn àjò Mùbárákù sí òkè òkun ku ọ̀sẹ̀ kan, Fọládé wá sílé Alùfáà, ó na ọwọ́ sí i. "Bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ jù ú bẹ́ẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ni Mùbárákù wí. Kò na ọwọ́ tirẹ̀. "Máa lọ."

Nígbà tí Fọládé jáde, Alùfáà Mùrí mi orí. "Ọlọ́run fẹ́ràn aláforíjì, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ọkàn mi kò tíì gbà á."

Ó wọ yàrá lọ, ó ń bá ẹrù rẹ̀ tó ń dì lọ.