Ọ̀rọ̀ Tí Kò Kí Ẹnikẹ́ni

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò ẹgbẹ́ olórin wa lórí Fesibúùkù ti jókòó sí yàrá ìdánrawò kí n tó dé. Àwọn tó yìn wá wọ aṣọ funfun. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n ní Olúwa á máa gbé mi ga. Mo wo ẹnu wọn, kò sí eyín níbẹ̀. Mo fura díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní ń bá ẹni tó kúnlẹ̀ jà?

Ọ̀kan ṣoṣo ni kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ bàtà gun ẹní wa, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń da èèpo rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan tó fi orúkọ pamọ́ kọ nípa mi. Ó tún ara rẹ̀ sọ lójú mi.

"Ewúrẹ́ tó mu kẹrosíìnì sàn jù ẹ́ lọ. Orin yẹn ga ju ohùn ẹ. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ọ̀fun ẹ tó já."

Inú bí mi gan-an. Mo wo Bọ̀dúndé tó ń ta jìtá fún wa. Ilẹ̀ ló ń wò. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Mo ní kó máa lọ. Ó ní òun kọ́ ló kọ ọ́. Jìtá rẹ̀ ní òun náà kọ́. Mo ní kí àwọn méjèèjì máa lọ.

Bí Bọ̀dúndé ṣe jáde ni àjà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Orin tí a fẹ́ kọ wà lára rẹ̀, níbi tí Ọ̀gá Adéyanjú gbé e sí. Ọ̀gá ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, ibi tí ohùn tirẹ̀ ga dé la ti ń kọ orin rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ní òun fa orin olóògbé wálẹ̀. Mo gun àkàsọ̀ lọ bá a. Ní ìdajì, ọ̀fun mi ya bí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ sì kán sára àwọn aláṣọ funfun. Wọ́n ní ó dùn.

Ọ̀gá wọlé tòun ti òwú ní imú, ó jókòó lórí sìpíkà. Mo fẹjọ́ sùn ún, mo ní kó bá mi wá ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà.

"Kí ló wí?"

Mo ní ó fi mí wé ewúrẹ́.

"Fọláwẹ̀, kí ló wí? Ewúrẹ́ lò ń sọ fún mi."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìyókù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti fi ẹ̀pà sílẹ̀, ó ń di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú fún mi. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fa orin náà wálẹ̀, ó gbé e sí ọ̀gangan àyà mi. Mo kọ ọ́ délẹ̀, ọ̀fun mi ò ya. Ojú tì mí.

Mo sáré ṣílẹ̀kùn kí n pe Bọ̀dúndé padà. Odò ló wà níta, Bọ̀dúndé ń rìn lọ lójú omi pẹ̀lú jìtá léjìká. Mo pè é, kò wẹ̀yìn.

Mo ta jí. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Lórí Wásáàpù ẹgbẹ́ wa, ó hàn pé èmi ni mo ti fọwọ́ ara mi yọ Bọ̀dúndé kúrò níbẹ̀. Àwòrán àtẹ́wọ́ sì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyókù.