Ojú Mummy Matías Lára Ògiri

4

…nítorí náà ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé Mìsítúrà ò mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni wọ́n jọ pín nínú ọjà Rye Lane, nílùú òyìnbó, láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ti wà ní kékeré. Mìsítúrà ń ta híjáàbù níwájú. Yolanda, ará Ecuador, ń kun èékánná lẹ́yìn kọ́tìnì. Mummy Matías ni gbogbo ọjà ń pè é.

Wọ́n fẹ́ wó ọjà náà. Ìdí nìyẹn tí Yolanda fi ní òun fẹ́ di káńsẹ́lọ̀.

5

*(Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àwòrán ojú Yolanda wà lókè rẹ̀.)*

YOLANDA FÚN COUNCIL
ARÁ LATIN AMERICA ÀKỌ́KỌ́ LÁDÙÚGBÒ WA
PAPỌ̀ FÚN ÀYÍPADÀ

Mìsítúrà fẹ́ràn ìlà méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta, ó ní: àyípadà sí kí ni?

6

Àsàlátù, àárọ̀ Sunday.

MÌSÍTÚRÀ: Ẹ̀yin ìyá mi, obìnrin yìí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò ní parọ́. Àmọ́ nígbà tí mo wà ní ọsibítù, òun ló ń bá mi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí òun bá wọlé, wọn ò ní wó ọjà. Mo dúró fún un.

ALHAJA SÌDÍKÀT, ÀMÍRÀ, OLÓRÍ WỌN: O dúró fún un?

MÌSÍTÚRÀ: Mo dúró.

ALHAJA SÌDÍKÀT: Ó dáa. Ẹ rántí o: bí ọ̀rọ̀ bá yí, iwájú wa níbí ni onídùúró ti máa wá tú u. Yolanda ọmọ ta ni? Ká lè dárúkọ ìyá rẹ̀ sí àdúrà.

MÌSÍTÚRÀ: Rosario.

ALHAJA SÌDÍKÀT: Ó tilẹ̀ dùn lẹ́nu ju tìyá tèmi lọ. Fátíhà.

8

LÁTI Ọ̀DỌ̀ ẸGBẸ́ ÒṢÈLÚ WA

Lẹ́yìn ìfikùnlukùn tó jinlẹ̀, Seth ni yóò díje dípò Yolanda. Seth ń gbé ní East Dulwich. Ó gbọ́ Spanish dáadáa. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Latin America jẹ ẹ́ lógún.

9

Ìfikùnlukùn. Ikùn ta ni wọ́n fi lu ikùn ta ni?

10

Wọ́n pààrọ̀ pátákó ìpolongo ìbò. Ojú Yolanda ṣì wà níbẹ̀, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orúkọ Seth ló wà lábẹ́ rẹ̀.

11

*(Lẹ́yìn kọ́tìnì. Gẹ̀ẹ́sì wọn tó rí wọ́gọwọ̀gọ ni wọ́n sọ. Yorùbá la kọ ọ́ sí.)*

MÌSÍTÚRÀ: Wọ́n ń fi ojú rẹ ta Seth.

YOLANDA: Wọ́n bi mí léèrè. Mo ní kí wọ́n lò ó.

MÌSÍTÚRÀ: Ìwọ.

YOLANDA: Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ní tẹlifíṣọ̀n ibí yìí, bí o bá rí ẹni tó jọ mí, ilẹ̀ ló ń nù, tàbí kokéènì ló gbé. Matías rí mi lára ògiri ní Old Kent Road. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó lọ fọwọ́ kàn án. Ṣé kí n lọ fà á ya?

MÌSÍTÚRÀ: Ọjà wa ńkọ́?

YOLANDA: Seth ní bí wọ́n bá wó o, àdúgbò máa dáa sí i.

MÌSÍTÚRÀ: Ìgbà wo lo gbọ́ ọ̀rọ̀ Seth yìí?

*(Yolanda ń kun èékánná oníbàárà. Kò gbójú sókè.)*

YOLANDA: Kí ẹ tó ṣàdúrà. Wọ́n ní kí n má tíì sọ. Wọ́n ní ẹ ò ní ṣàdúrà fún Seth.

12

Ó jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìyá rẹ̀ ṣàdúrà.

13

*(Lórí fóònù. Hameedah, ọmọ Mìsítúrà, ló kọ́kọ́ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́.)*

HAMEEDAH: Mummy, àwọn TV ń bọ̀ ní àsàlátù on Sunday. Mummy Matías ló pè wọ́n. It's about sisterhood lol

MÌSÍTÚRÀ: Kí ni sisterhood

HAMEEDAH: Tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Sort of

MÌSÍTÚRÀ: Èwo ni ẹ̀gbọ́n

HAMEEDAH: Mummy abeg

14

Sunday. Kúnmi, akọ̀ròyìn TV, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú yìí, ló gbé máìkì dání. Yolanda jókòó ti Mìsítúrà. Ó wé gèlè. Matías dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fóònù ká ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

KÚNMI: Aunty, ẹ wo ibí. Ẹ̀yin lẹ kó àwọn Mummy yìí jọ for Yolanda and Seth, right?

ALHAJA SÌDÍKÀT: Mìsítúrà, à ń gbọ́.

KÚNMI: Sorry, Mummy, ẹ jẹ́ kí Aunty sọ̀rọ̀.

ALHAJA SÌDÍKÀT: Kí lèmi náà sọ?

YOLANDA *(kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́)*: Jọ̀ọ́. Ọmọ mi ń wò.

Mìsítúrà gba máìkì. Ó wo Matías. Ó wo Alhaja. Ó ní: "Mo dúró níbí lọ́jọ́sí—"

15

Ohun tí tẹlifíṣọ̀n gbé jáde:

Yolanda ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá jókòó lórí ẹní. Ẹnu Mìsítúrà ń lọ, ó ń lọ, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Orin gìtá ni wọ́n fi bo ohùn rẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ojú Mìsítúrà:

Ọ̀RẸ́ YOLANDA