Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì Tó Tu Etí Lára Jù

Orin ni mo ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí Bámidélé ọmọ mi wọlé. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìrẹmọ, ọyẹ́ ti la ètè mi, síbẹ̀ orin ò dúró. Bí mo ṣe rí i ni mo yí orin náà sí tirẹ̀:

Ọmọ mi tó ń gun àwọsánmà,
Ó ti sọ̀kalẹ̀ o, ó ti dé.
Ẹ bá mi gbé àga fún un,
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996 ni. Páílọ́ọ̀tì ni Bámidélé, òun ló ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó èrò láti Èkó lọ sí Kánò àti Àbújá. Inú mi dùn débi pé mi ò tètè rí i pé ó ń fi ìka tẹ ẹ̀bátí rẹ̀.

"Màámi, orí ń fọ́ mi," ló wí. "Iṣẹ́ yìí sì ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo gbé ẹ̀wà sílẹ̀. Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní nǹkan kan wà tí àwọn páílọ́ọ̀tì máa ń dé sórí, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń bo etí méjèèjì, ó sì ní ohun kékeré kan tó yọ síwájú ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà nílẹ̀ tí wọ́n ń darí ọkọ̀. Tirẹ̀ ń fún un lórí bíi pé wọ́n fi ẹ̀mú dì í mú. Lọ́jọ́ kan tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó ṣí i kúrò létí kan kó lè sinmi díẹ̀. Àwọn tó wà nílẹ̀ pè é, wọ́n tún un pè, kò gbọ́. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé tó bá tún yọ ọ́ lókè, kó wá jókòó sí ọ́fíìsì, òun ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́," ló wí. "Mo gbọ́dọ̀ ti rí èyí tí mo lè dé láti ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra títí tó fi máa balẹ̀. Nílé níbí ni mo fẹ́ ti dán wọn wò. Gbogbo wọn ló máa ń dùn ní ṣọ́ọ̀bù, bíi bàtà tuntun. Ó dìgbà tí èèyàn bá dé e pẹ́ kó tó mọ èyí tó ń pa òun."

Mẹ́ta ló kó jáde nínú báàgì.

Tuntun ni àkọ́kọ́, dúdú kirimu. Ó dé e tòun ti awò ojú rẹ̀, torí pé apá awò náà ló máa ń há sábẹ́ rẹ̀ tó sì máa ń gún un. Ó dé e mu ògì, ó dé e ka ìwé ìròyìn. Àṣàbí tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa rí i, ó pa ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Bámidélé, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Àbí kí n bá ìyá ẹ mú ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń wo orí?"

"Àǹtí Àṣàbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mo ti fi ẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Nǹkan orí ẹ yẹn ni kò fi ẹ́ sílẹ̀!"

Kó tó di ọ̀sán, ojú ọmọ mi ti pọ́n. Nígbà tó yọ ọ́, ihò kékeré méjì wà ní ẹ̀bátí rẹ̀, níbi tí apá awò ti wọlé sára.

Ìkejì fúyẹ́ bíi fìlà. Kò tẹ̀ ẹ́ níbì kankan. Ó gbé e lọ dúró ti ẹ̀rọ Àṣàbí, ó ní kó tan án. Ó mi orí. "Gbogbo ariwo ló ń wọlé. Tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń ké, mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú èyí."

Ó wá kan ẹ̀kẹta. Èyí kì í ṣe tuntun. Awọ tó bo tìmùtìmù etí rẹ̀ ti dán, ó ti rọ̀, bíi ti àga tí wọ́n ti jókòó lé pẹ́. Kápútéènì Ọdẹ́wálé ló ni ín, ọ̀gá tó kọ́ Bámidélé níṣẹ́, tó fẹ̀yìn tì sí Ìpetumodù, tó sì kú ní ọdún tó kọjá. Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ ló fi ta Bámidélé lọ́rẹ.

Ọmọ mi dé e, ó di ojú. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Háà! Màámi. Ó dà bíi pé ẹnìkan fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò mí létí."

Ó dé e jẹun, ó dé e fọ aṣọ. Ó gbàgbé pé nǹkan wà lórí òun. Ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta, Àṣàbí sì pariwo orúkọ rẹ̀ sí i létí títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, kò gbọ́. A rẹ́rìn-ín títí. Mo ti gbé ẹ̀wà kaná, mo sì ti ń ṣe orin ọpẹ́ fún ìyàwó Ọdẹ́wálé lọ́kàn mi.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Bámidélé fi bojú wẹ̀yìn, tó wá sọ́dọ̀ mi.

"Màámi, ẹ pè mí?"

"N ò pè ọ́."

"Ẹ pè mí. Ẹ ní Àdìgún."

Mo wò ó. Èmi nìkan ló kù láyé tó ń pè é ní Àdìgún. Bàbá rẹ̀ ti lọ, ìyá bàbá rẹ̀ ti lọ. Wáyà hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà sì wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó ká jọ, kò so mọ́ nǹkan kan.

"Ṣé o dáhùn?" Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í nìyẹn.

"Rárá. Mo wá wò yín ni."

Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Báyìí la ṣe tọ́ wọn nílé wa: tí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu mọ́, jáde lọ wò ó. Tí o bá rí i, kó o wá dáhùn. Tí o ò bá rí ẹnìkan, kò sẹ́ni tó pè ọ́ nìyẹn.

"Àwọn tó ń darí ọkọ̀, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n sí Àdìgún ni?"

"Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ mí sí Bámidélé, Màámi. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n máa ń pè." Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣùgbọ́n ó tù mí lára. Bóyá etí mi ló ń tàn mí. Tí mo bá gbé èyí dání, iṣẹ́ mi ò ní bọ́."

"Gbé e wá," ni mo wí.

Mo tú gèlè mi, mo dé e. Ariwo ẹ̀rọ Àṣàbí kú. Ohùn adìẹ kú. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ kú pátápátá. Ó dà bí ìgbà tí mo ki orí bọ inú àmù òfìfo. Ìrora eékún mi náà dákẹ́, mi ò mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ọ.

"Àbẹ̀kẹ́."

Ohùn náà ò lágbára. Ó dà bíi ti ẹni tó wà ní ìparí ọ̀nà oko tó gùn, tó ti rí ọ, tí inú rẹ̀ ń dùn pé o ń bọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹnu mi là. Mo fẹ́ dáhùn, kí n má purọ́. Kí ẹnu mi má bàa jẹ́ ìpè náà, mo fi orin dí i. Orin tí mo ṣe ní ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, tí ẹnìkan ò tíì gbọ́:

Omi tútù, má bú mi,
Arúgbó ni mí, mi ò sá.

Ohùn náà gbè é. Ó gbè é geere, ó sì fi ìlà tó tẹ̀ lé e sí i, ìlà tí mo ṣì ń wá:

Da ara rẹ lé mi lórí,
Ilé kan náà là ń lọ.

Ẹ wò ó, inú mi dùn! Láti ọmọdé mi, mi ò rí ẹni tó mọ orin í gbè bẹ́ẹ̀ rí. Mo dá òmíràn, ó gbè é. Mo dá òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni mo rí i tí oòrùn gbá mi lójú, Bámidélé ti já nǹkan náà kúrò lórí mi, ó ń mì mí léjìká.

"Kí ló dé tó o fi dá orin mi dúró?" Mo fi ìbínú sọ ọ́.

"Màámi! Ẹ̀wà yín ti jóná. Àǹtí Àṣàbí ti palẹ̀ mọ́, ó ti lọ sílé. Láti ọ̀sán lẹ ti jókòó síbí. Mo rò pé orin lásán lẹ̀ ń kọ, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹ ò ṣẹ́jú mọ́."

Mo wo òjìji igi tó wà níta, ó ti gùn dé ẹsẹ̀ mi. Lójú tèmi, orin mélòó kan náà ni.

"Lókè lọ́hùn-ún," ni mo bi í, "tí ohùn kan bá pè ọ́, ṣé wàá lè jáde lọ wò ó?"

Ó gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kó máa dá ẹni tí kò rí lóhùn. Tó bá sì pa ẹnu mọ́ nígbà tí wọ́n bá pè é, wọn á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a wọ mọ́tò lọ sí Ìpetumodù. A bá Abọ́sẹ̀dé ní pálọ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ wa, kò béèrè ohun tó ṣe é.

"Ta ni wọ́n pè nínú yín?" ló wí.

"Àwa méjèèjì," ni mo dáhùn.

"Ẹ dáhùn?"

"A ò dáhùn."

Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó di ẹsẹ̀ mi mú. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo rò pé ọkọ mi nìkan ni nǹkan náà ń pè. Inú àga yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á dé e, wáyà ò ní kan ibì kankan, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ni mo gbé oúnjẹ wọlé tí mo gbọ́ tí wọ́n ní, 'Hẹ́ẹ̀n, mò ń bọ̀.' Wọn ò jẹ oúnjẹ náà. Mi ò lè gbé nǹkan náà jù nù, nǹkan wọn ni. Mo ní kó kúrò lójú mi, kó sì ṣe ọmọ wọn láǹfààní."

A gbé e lé orí tábìlì. A dágbére. A ò tíì dé títì tí mo gbọ́ ẹ̀rín Abọ́sẹ̀dé láti ojú fèrèsé, ẹ̀rín ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. "Ẹ̀yin nìyẹn? Mo wà níbí o!"

Mo sáré padà bí ẹsẹ̀ mi ṣe lè gbé mi tó. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án. Òun náà jókòó, ó kọjú sí àga tó ṣófo.

"Abọ́sẹ̀dé, ta lò ń dá lóhùn? Ṣé o ò mọ̀ pé—"

"Ẹ má dààmú, Màmá," ó wí jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ ò kúrò níbi àga. "Mo ń rí wọn."

Mo ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé òdìkejì títì, ó mú un lọ sílé rẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ara rẹ̀ le, ó ń jẹun, kì í sì í dá wà. Wọ́n ní ó kàn máa ń fi àga kan sílẹ̀ lófìfo ni.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà, Bámidélé yọ dúdú tuntun yẹn, èyí tó ń fún un, ó dé e. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó yọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ kó máa fún mi," ló wí. "Ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀."

Nígbà tí a délé, ó gbé e há ìdí ìkòkò ńlá mi, ó fi í síbẹ̀ títí ọjọ́ ìrìn àjò rẹ̀ fi pé kó lè fẹ̀ díẹ̀. Ó lọ wá awò tí apá rẹ̀ tín-ín-rín. Ó gbéra láti Èkó dé Kánò, ó padà, kò yọ ọ́. Wọ́n pè é, ó gbọ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n pè, ó dáhùn. Títí di òní, òun ló ń wa ọkọ̀ wọn. Orin tí mo ṣe fún un gùn ju ọ̀nà Kánò lọ, màá kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ìjókòó.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti yí padà láàárín wa. Tí mo bá pe Àdìgún láti inú yàrá báyìí, mo máa ń gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró gbagidi lójú kan, kò ní mí, kò ní dáhùn. Èmi ni màá fi ọ̀pá mi tilẹ̀ jáde, tí màá rìn yí ká dé iwájú rẹ̀, kó rí ojú mi dáadáa. Á wò mí pẹ́. Ìgbà náà ló tó máa sọ pé, "Màámi."