"Wọn" Tí Mo Kọ Sínú Kọ̀ǹpútà

Àpótí kéékèèké ni iṣẹ́ máa ń jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà Ẹnjiníà Ògúnwálé. Àpótí kan ni páìpù, òmíràn ni kọnkéré ilẹ̀, òmíràn ni òrùlé. Èmi ni mo dábàá pé ká fa ìlà láàárín wọn, ká sì kọ orúkọ ẹni tó máa gbé ọ̀rọ̀ láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ń wò ó, ó máa ń dà bíi pé mo rí ọ̀rọ̀ tó ń ṣàn, bí omi nínú gọ́tà lẹ́yìn òjò.

Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la ń kọ́ lọ́dún 1996. Ẹnjiníà ti sọ fún èmi àti Tinúadé, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́, pé bí ilé náà bá parí, ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ló máa kù nídìí kọ̀ǹpútà. A fi ṣe ẹ̀rín rín. Láti ìgbà tí Tinúadé ti dé láti Ìjẹ̀bú, orí ẹní mi ló ń sùn nílé wa ní Ìlódè, inú ìkòkò ìyá mi ló sì ti ń jẹun.

Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìlà tó so páìpù mọ́ kọnkéré. Òun ló máa lọ sọ fún Bàbá Èṣùbíyì, olórí àwọn bíríkìlà, pé kí wọ́n má da kọnkéré títí páìpù á fi wọlẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fi ìka lé àpótí kọnkéré, ìyẹn ti Bàbá Èṣùbíyì, lójú kọ̀ǹpútà.

"Tinú, ṣé o ti sọ fún wọn?"

Ó wo ìka mi. "Mo ti sọ fún wọn. Ṣé ìwọ kì í sinmi ni? Ìyàwó kọ̀ǹpútà!"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: Wọ́n ti gbọ́.

Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, kọnkéré ti gan, páìpù ṣì wà nílẹ̀ níta. Bàbá Èṣùbíyì ní ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún òun.

"Ta ló kọ ọ́ pé wọ́n ti gbọ́?" Ẹnjiníà bi wá.

"Èmi ni, sà. Tinúadé ló sọ pé—"

"Àwọn onípáìpù ni mo sọ fún, sà." Ohùn Tinúadé tutù bí ẹ̀kọ àná. "'Wọn' ni Fúnlọ́lá wí. Àwọn onípáìpù pọ̀. Bàbá Èṣùbíyì ńkọ́? Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n."

Mo wò ó. Ta ni nínú wa tó lè pe bàbá yẹn ní "ó"? Òun fúnra rẹ̀, níbi tó ti ń parọ́ náà, "wọ́n" ló pè wọ́n. Mo lanu, àmọ́ Ẹnjiníà ti yíjú.

"Ẹ̀rọ ò mọ àgbà, Fúnlọ́lá. Orúkọ ló yẹ kó o kọ. Lọ gba owó oṣù rẹ. Tinúadé, jókòó síbẹ̀."

Ó jókòó sórí àga mi. Kò wojú mi. "Má bínú, jàre," ó ní. "Báwo lo ṣe ń fa ìlà yẹn gan-an?"

Mo fi hàn án, torí mo ṣì ń retí pé ó máa jẹ́wọ́ kí ìlà náà tó dé àpótí kejì. Ìlà náà dé ibẹ̀. Ó fa ìlà tirẹ̀.

Ìyá mi ń bu ẹ̀wà nígbà tí mo délé.

"Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, Ìyá."

"Àwọn wo?"

"Kì í ṣe wọ́n," mo ní. "Òun ni. Tinúadé."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ wọn. Abọ́ kejì, tí wọ́n máa ń bu ti Tinúadé sí, ti kún.