Ẹjọ́ Ẹ̀ṣọ́ Tó Sùn Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹnu Aláròyé ló gbé e dé ìdíje ẹjọ́ àfidánrawò, ẹnu náà ló sì kó bá a níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ọdún kejì ni, ọmọ tó lè bá ògiri jiyàn títí ògiri á fi tọrọ àforíjì. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ fẹ́ gbẹjọ́ rò wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, torí pé kì í ṣeré rárá. Ọdọọdún ló ń dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń dá a padà sílé. Ìpele yẹn náà ni àwọn méjèèjì tún dé lọ́dún yìí, èyí sì ni àǹfààní ìkẹyìn tí Ẹ̀gbọ́n ní. Kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n Aláròyé mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kó má lọ jẹ́ òun lòun máa bà á jẹ́.

Ẹjọ́ ọ̀hún kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kò yọjú, ó tún dúró sí i títí oorun fi gbé e lọ. Ilé-iṣẹ́ lé e dànù. Ó pẹjọ́, ó pàdánù, ó wá pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Nínú ìdíje yìí, àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa ń ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tí kálukú máa gbẹjọ́ ẹ̀ rò. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn méjèèjì, nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀, máa fi àárọ̀ gbèjà ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n fi ọ̀sán bú u. Owó ẹyọ gbé wọn fún ilé-iṣẹ́. Ara Ẹ̀gbọ́n balẹ̀, torí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni òfin fì sí jù.

Àwọn alátakò wọn, tí wọ́n wà fún ẹ̀ṣọ́, kọ́kọ́ sọ tiwọn, wọ́n sì ń kólòlò. Nígbà tó kan Aláròyé, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àdéhùn wọn ni pé tí Ẹ̀gbọ́n bá ti fa gáùn ẹ̀ látẹ̀yìn, kó rọra, torí ẹnu ẹ̀ máa ń yá jù. Adájọ́, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìdájọ́, wò ó láti òkè awò ojú ẹ̀, ó bi í pé kí ló wá rò pé ó yẹ kí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú ṣe.

Aláròyé lanu láti fèsì, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ẹ̀ṣọ́. Ó ní oorun kì í ṣe ìwà àìgbọràn. Ó ní ẹni tó fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀ láìrán ẹnì kan wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n fa gáùn. Aláròyé rọra. Ẹ̀gbọ́n tún fà á, gáùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́rùn ẹ̀. Aláròyé wá ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ABD, ọ̀rọ̀ náà sì ń wọni lára sí i. Àwọn alátakò ti sáré mú bírò, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Adájọ́ bọ́ awò ojú ẹ̀. “Lọ́yà, ta lẹ ń gbẹjọ́ ẹ̀ rò?”

“Ilé-iṣẹ́ ni, Olúwa mi.”

“Ṣé ilé-iṣẹ́ ti gbọ́?”

Ẹ̀rín pa gbogbo gbọ̀ngàn. Aláròyé ní kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì, ilẹ̀ ò dá a lóhùn. Ó tọrọ àforíjì, ó sáré parí ìyókù wúruwùru, ó sì jókòó.

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó ní àánú ni ẹnì kejì òun fi han ilé ẹjọ́, òfin lòun fẹ́ fi hàn án. Ó sọ̀rọ̀ náà débi pé kò sẹ́ni tó wúkọ́. Síbẹ̀, máàkì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n pàdánù, díẹ̀ báyìí ló sì kù kí wọ́n borí. Ẹ̀bùn agbẹjọ́rò tó ta yọ jù ni wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n. Adájọ́ ní iwájú nìkan ni àwọn yòókù ti ní alátakò, èyí tún ní ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ẹ̀.

Orí àtẹ̀gùn ìta ni Aláròyé ti bá Ẹ̀gbọ́n níbi tó jókòó sí, tó ń ká gáùn ẹ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú.”

“Ohun tó o sọ yẹn ò sí nínú gbogbo ohun tá a jọ kọ. Níbo lo ti rí i?”

“Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Tí wọ́n bá ti iṣẹ́ òru dé, orí àga ni wọ́n máa ń sùn sí, tàwọn ti bàtà. Èmi ni mo máa ń bá wọn bọ́ ọ. Bí bàbá yẹn ṣe bi mí ní ìbéèrè yẹn báyìí, mi ò rántí ilé-iṣẹ́ kankan mọ́.”

Ìpàdánù náà dun Ẹ̀gbọ́n, kò sì díbọ́n pé kò dun òun. Ó sún kí Aláròyé lè ráyè jókòó.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé mi lọ sí kóòtù, ìwọ ni màá bẹ̀ kó o wá gbẹjọ́ mi rò,” ó ní. “Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo jẹ̀bi, jọ̀wọ́, jókòó sílé.”